Iye Abẹ́rẹ́ Kan Kọ́ ni Iye Ìtọ́jú

Bí dókítà bá ti dárúkọ oògùn jẹjẹrẹ fún ẹbí kan ní Èkìtì níbí, ìbéèrè tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wa ni, "Èló ni?" Ìbéèrè náà dára, ṣùgbọ́n ìdáhùn tí a máa ń gbà sí i kì í tọ́ wa sọ́nà, nítorí pé iye abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo, tàbí ti páálí oògùn kan ṣoṣo, ni apòògùn yóò sọ. Iye yẹn ni ẹbí á gbé lọ sí ìpàdé, òun ni wọn yóò dá owó fún, tí owó náà bá sì pé ní ọ̀sẹ̀ kejì, ara á tu gbogbo ilé bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Mo ti ń bá ọ̀rọ̀ yìí yí láti ìgbà tí wọ́n ti sọ fún àbúrò màmá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Ìkẹ́rẹ́, pé kókó tó wà ní ọmú wọn jẹ́ jẹjẹrẹ. Ẹyọ ohun kan ni mo fẹ́ sọ fún ẹbí tí kò ní ìdójútòfò ìlera: kí ẹ tó san kọ́bọ̀ àkọ́kọ́, ẹ mọ iye gbogbo ìtọ́jú náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nítorí pé oògùn jẹjẹrẹ tí a dá dúró láìròtẹ́lẹ̀ lè ná ilé tán láìwo aláìsàn sàn.

Irú jẹjẹrẹ tó mú Màmá Ìkẹ́rẹ́ ni èyí tí èròjà kan tí wọ́n ń pè ní HER2 pọ̀ jù lára rẹ̀. Nínú obìnrin márùn-ún tí jẹjẹrẹ ọmú bá mú, bí ẹnì kan ni tirẹ̀ máa ń jẹ́ irú èyí. Oògùn tí wọ́n fi ń kojú rẹ̀ ni trastuzumab, tí àwọn ènìyàn mọ̀ jù lọ sí Herceptin, orúkọ tí ilé-iṣẹ́ Roche fi ń tà á. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta ni aláìsàn máa ń gba abẹ́rẹ́ náà fún ọdún kan gbáko, èyí tó jẹ́ bí ìgbà 17 tàbí 18, yàtọ̀ sí kímò, ìyẹn oògùn líle tó ń pa jẹjẹrẹ, yàtọ̀ sí iṣẹ́ abẹ, yàtọ̀ sí àyẹ̀wò ọkàn tí wọ́n gbọ́dọ̀ máa ṣe ní bí oṣù mẹ́ta mẹ́ta nítorí pé oògùn náà lè ṣe ìpalára fún ọkàn. Ẹni tí wọ́n bá sọ iye abẹ́rẹ́ kan fún kò tíì gbọ́ ìdá mẹ́wàá ọ̀rọ̀ náà.

Ní ìpàdé ẹbí wa, ní ìparí ọdún 2023, ẹ̀gbọ́n wa kan tó jẹ́ olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tí gbogbo ilé ń pè ní Bọ̀dá Tíṣà, fàáké kọ́rí pé ẹnikẹ́ni kò ní dá kọ́bọ̀ títí a ó fi ka gbogbo rẹ̀ pọ̀. Wọ́n ní kí ọmọdé kan mú ìwé àti bírò wá. Wọ́n fa ìlà sí i, wọ́n kọ kímò, wọ́n kọ iṣẹ́ abẹ, wọ́n kọ trastuzumab, àyẹ̀wò ọkàn, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó máa ń ṣáájú kímò kọ̀ọ̀kan, owó ọkọ̀ àti owó ibùsùn, wọ́n sì fi àlàfo kan sílẹ̀ nísàlẹ̀ fún ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè rí tẹ́lẹ̀. Inú bí ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó ilé. Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ má bínú o, ẹ ń ka owó lé Màmá lórí bí ìgbà tí ènìyàn bá ń ná ewúrẹ́ lọ́jà." Bọ̀dá Tíṣà kò gbé ojú sókè nínú ìwé náà. Wọ́n ní, "Ewúrẹ́ tí a kò bá lè san owó rẹ̀ tán, ẹni tó ni ín á gbà á padà. Èyí tí à ń rà lónìí, a kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á padà lọ́wọ́ wa." Màmá Ìkẹ́rẹ́ fúnra wọn ló parí àríyànjiyàn náà. Láti ìgbà ọmọge ni wọ́n ti ń ta epo pupa, wọ́n sì mọ ìṣirò ju gbogbo àwa tó jókòó síbẹ̀ lọ. Wọ́n ní, "Ẹ jẹ́ kó kà á. Èmi náà fẹ́ mọ̀ ọ́n."

Ohun tó jáde nínú ìṣirò náà ju ohun tí gbogbo wa lè kó jọ lọ, kódà bí a bá ta ilẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti yí padà, nítorí ẹbí tó bá ti rí i pé apá òun kò lè ká iye tí wọ́n pè ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè bóyá iye yẹn nìkan ló wà. Bí a bá ti dá owó abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà, tí a sì túká, kò sí ẹni tí ì bá béèrè. Mo ti rí àwọn tó túká bẹ́ẹ̀. Ní yàrá tí wọ́n ti ń gba kímò, ẹ ó rí obìnrin tó gba ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, tí a kò ní rí i mọ́ títí di ìgbà tí wọ́n bá ta kòkó tàbí tí ọmọ kan bá rí owó fi ránṣẹ́. Nígbà tó bá padà, àyẹ̀wò ni wọn yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ wá, nítorí pé àrùn náà kò dúró dè é.

Kí ló wá mú kí oògùn náà wọ́n tó bẹ́ẹ̀? Ara rẹ̀ ni owó dọ́là, èyí tí gbogbo wa mọ̀. Kí ìjọba tó tú náírà sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan kò tíì tó 500 náírà ní báńkì. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e ó ti kọjá 1,500. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023 kan náà ni ilé-iṣẹ́ oògùn GSK kéde pé òun ń kógbá sílé ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ tún ni ẹ̀tọ́ tí òfin fún ilé-iṣẹ́ tó kọ́kọ́ ṣe oògùn pé kí òun nìkan máa tà á fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àpẹẹrẹ tó yé mi jù lọ ni ti imatinib, oògùn oníhóró tí wọ́n ń lò fún jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní CML. Novartis ń tà á ní Glivec, owó rẹ̀ fún oṣù kan nígbà náà sì tó bí 2,500 dọ́là. Àwọn ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ Íńdíà ń ṣe oògùn kan náà ní bí 200 dọ́là, tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, nígbà tí Novartis sì gbé ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ sí ilé ẹjọ́ níbẹ̀, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Íńdíà dá ẹjọ́ náà ní oṣù Kẹrin ọdún 2013 pé kò sí ẹ̀tọ́ àdánìkantà kankan fún Novartis lórí rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé fi imatinib àti trastuzumab sínú ìwé àwọn oògùn kòṣeémàní ní ọdún 2015. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2019, àjọ náà fọwọ́ sí trastuzumab àkọ́kọ́ tí ilé-iṣẹ́ mìíràn ṣe.

Ìbéèrè tó yẹ kí ó tẹ̀ lé "èló ni gbogbo rẹ̀" nìyí: ṣé ilé-iṣẹ́ mìíràn ń ṣe oògùn kan náà, ṣé NAFDAC sì ti fọwọ́ sí i? Nínú gbogbo ìbéèrè tí Bọ̀dá Tíṣà kọ sínú ìwé, èyí ló dín owó wa kù jù lọ. Dókítà kò bínú rárá nígbà tí a béèrè. Ó ní ohun tó wà lórí ìwé oògùn ni orúkọ tí ọwọ́ òun ti mọ́ ọn kọ. Àwọn ilé ìwòsàn kan tún wà tí wọ́n ń ra oògùn kímò ní iye tó dín kù lábẹ́ àdéhùn tí Clinton Health Access Initiative àti American Cancer Society bá àwọn ilé-iṣẹ́ oògùn ṣe, nítorí náà ó ṣeé ṣe kí fámásì inú ilé ìwòsàn ńlá dín owó ju kẹ́míìsì ìta lọ. Ìdàkejì rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa gbà gbọ́.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì rò pé ìtàn imatinib jìnnà sí wa, Ilé-Ifẹ̀ níbí ni kó lọ wò. Láti ọdún 2003 ni ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti ń fún àwọn tó ní CML ní imatinib lọ́fẹ̀ẹ́, lábẹ́ ètò tí Novartis àti àjọ Max Foundation jọ gbé kalẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún ló sì jẹ́ pé ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ti lè rí i gbà bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Nàìjíríà. Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ní Adó, tó gba Ìyìn, Ìgèdè, Arámọkọ àti Ìtawùrẹ́ já sí Ilésà, kò ní pẹ́ débẹ̀. Mo mọ káfíńtà kan tó ń gbé oògùn rẹ̀ wá láti Ifẹ̀, tó ń gé pákó rẹ̀ lọ bí ẹni tí nǹkan kan kò ṣe. Gbogbo owó tó ń wọlé fún un lọ́dún kò lè ra oògùn oṣù kan ní iye tí wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀. Bí wọ́n bá ti sọ fún ẹbí rẹ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́ pé kí wọ́n wá owó kiri, tí ẹnikẹ́ni kò sì dárúkọ Ifẹ̀, ilẹ̀ ni wọn ì bá tà.

Ti ìdójútòfò gan-an ṣòro díẹ̀. Òfin tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù Karùn-ún ọdún 2022, tó dá àjọ NHIA sílẹ̀, sọ pé dandan ni kí gbogbo ènìyàn ní ìdójútòfò ìlera, síbẹ̀ ó ju ìdá méje nínú mẹ́wàá lọ nínú owó tí à ń ná sórí ìlera ní Nàìjíríà tó ń ti àpò aláìsàn jáde. Àdéhùn kan wà láàárín àjọ náà àti Roche lórí oògùn jẹjẹrẹ ọmú irú ti HER2, pé kí Roche gbé ìdajì owó náà, kí ètò ìdójútòfò gbé ìdá 30 nínú 100, kí aláìsàn san ìdá 20 tó kù. Nígbà tí a gbọ́ èyí, gbogbo ojú yí sí àbúrò mi obìnrin tó ń bá ìjọba àpapọ̀ ṣiṣẹ́, tó sì ní káàdì ìdójútòfò. Ṣùgbọ́n ẹbí tí káàdì rẹ̀ mọ̀ ni òun fúnra rẹ̀, ọkọ rẹ̀, àti ọmọ mẹ́rin tí wọn kò tíì pé ọdún 18. Àbúrò màmá, tó wẹ̀ ọ́ lọ́mọdé, tó san owó ilé-ìwé rẹ, kì í ṣe ẹbí lójú káàdì, àfi bí o bá lọ san owó mìíràn láti fi orúkọ rẹ̀ kún un, ìyẹn sì jẹ́ ohun tí ènìyàn ń ṣe nígbà tí ara bá le. Ní Èkìtì, ètò Ulera Wa wà fún àwọn aláìní, ìtọ́jú ojoojúmọ́ ní ilé ìwòsàn alábọ́dé sì ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ má ṣe rò pé òun ni yóò san owó trastuzumab.

Fún ẹni tí kò ní ẹnìkankan, ìjọba àpapọ̀ dá owó ìrànwọ́ kan sílẹ̀ fún jẹjẹrẹ ọmú, ti ẹnu ọ̀nà ilé ọmọ àti ti prostate, tí wọ́n ń pè ní Cancer Health Fund, UCH Ìbàdàn sì wà lára àwọn ilé ìwòsàn tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọ́fíìsì wẹ́fíà inú ilé ìwòsàn ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọ̀dọ̀ dókítà. Bọ̀dá Tíṣà ní níwọ̀n ìgbà tí a ṣì lè dá nǹkan kan jọ, kí a fi àyè yẹn sílẹ̀ fún ẹni tí kò ní ará. Mi ò fara mọ́ ọn lọ́jọ́ náà, mi ò sì tíì fara mọ́ ọn títí di òní, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n sọ ni a ṣe.

Ohun tí èmi kò mọ̀ rárá kí ọ̀rọ̀ yìí tó dé ni pé wọ́n ń fi ìwọ̀n ara díwọ̀n oògùn náà. Lẹ́yìn abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́, tó máa ń pọ̀ ju ìyókù lọ, mílígíráàmù 6 ni fún kílò kọ̀ọ̀kan. Obìnrin tó bá wọn kílò 55 yóò gba mílígíráàmù 330, nígbà tó jẹ́ pé ìgò ńlá tí wọ́n ń tà ní 440 nínú. Mílígíráàmù 110 ló ṣẹ́ kù, ẹni tó dá ra ìgò tirẹ̀ sì ti san owó rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí obìnrin mẹ́rin tí ìwọ̀n wọn rí bẹ́ẹ̀ bá gba abẹ́rẹ́ ní ọjọ́ kan náà, 1,320 ni gbogbo wọn nílò, ìyẹn sì jẹ́ ìgò mẹ́ta gééré. Ìgò kan odindi ni wọ́n fi pamọ́ láàárín ara wọn, ní gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Iṣẹ́ apòògùn ilé ìwòsàn ni èyí, nínú yàrá tó mọ́, kì í ṣe ohun tí ẹbí ń ṣe nílé, kì í sì í ṣe gbogbo ìgò ni wọ́n lè fi pamọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pò ó. Ohun tó wà lọ́wọ́ ẹbí ni kí wọ́n béèrè bóyá wọ́n lè kó àwọn aláìsàn wọn pọ̀ sí ọjọ́ kan. Màmá Ìkẹ́rẹ́ ló mú èyí lọ́kùn-únkúndùn jù lọ. Wọ́n bá àwọn obìnrin mìíràn sọ̀rọ̀ níbi tí wọ́n jókòó sí, wọ́n gba nọ́ńbà wọn, ó sì di ẹgbẹ́ kékeré kan tó ń pe ara wọn lórí fóònù kí ọjọ́ abẹ́rẹ́ tó kò.

Ọ̀rọ̀ ọdún kan náà ṣeé béèrè. Ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní PERSEPHONE, tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú obìnrin tó lé ní 4,000, tí wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2019, fi hàn pé trastuzumab oṣù mẹ́fà kò fi bẹ́ẹ̀ rẹlẹ̀ sí ti oṣù 12 fún jẹjẹrẹ tí kò tíì tàn káàkiri ara. Ìwádìí PHARE ti ilẹ̀ Faransé kò lè fi ìdí èyí múlẹ̀, ọdún kan ni ọ̀pọ̀ dókítà sì ṣì ń kọ. Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni gé oògùn rẹ̀ kúrú. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹbí tó bá mọ̀ láti ọjọ́ kìíní pé owó òun kò lè kọjá ìlàjì lè sọ ọ́ fún dókítà, kí wọ́n jọ ṣètò oṣù mẹ́fà tó já geere, èyí tó sàn jìnnà sí abẹ́rẹ́ mẹ́ta, ìsinmi oṣù mẹ́rin, abẹ́rẹ́ méjì, lẹ́yìn náà ìdákẹ́jẹ́.

Àwọn ọkùnrin náà ní tiwọn. Fún jẹjẹrẹ prostate tó ti tàn, abẹ́rẹ́ tó ń dá èròjà akọ dúró nínú ara ni wọ́n sábà máa ń kọ, oṣù kan kan tàbí oṣù mẹ́ta mẹ́ta, kò sì sí òpin tí wọ́n dá fún un. Iṣẹ́ abẹ kékeré kan wà, ti kí wọ́n yọ kórópọ̀n méjèèjì, tí wọ́n ń ṣe lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà, tí owó rẹ̀ kò sì tó ti abẹ́rẹ́ ọdún kan. Mo ti gbọ́ kí bàbá ẹni 75 ọdún sọ pé òun yóò ta oko kí òun tó gbà. Ẹ̀tọ́ wọn ni, mi ò sì ní fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tó ń san owó náà yẹ kí wọ́n mọ̀ pé ọ̀nà méjì ló wà níwájú wọn.

Ní ti oko títà, ojú mi ti rí nǹkan. Ọkùnrin kan ní àdúgbò wa ta oko kòkó rẹ̀ pátápátá ní ọdún 2022 láti fi tọ́jú ìyàwó rẹ̀, owó náà kò sì tó ìdajì ìtọ́jú. Ní ọdún 2024, iye kòkó ní ọjà àgbáyé kọjá 10,000 dọ́là fún tọ́ọ̀nù kan, ẹni tó ra oko náà sì rí owó rẹ̀ padà kíákíá. Ìdí nìyí tí Bọ̀dá Tíṣà fi ní kí a fi apá kan nínú oko tiwa yá owó fún àkókò tó ní òpin, pẹ̀lú ìwé, kí a má ta á. Ìyókù owó náà ti ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wá, àti ti àwa ọmọ, tí oníkálukú ń san iye kan lóṣooṣù. Èyí dára ju ìdáwó ẹ̀ẹ̀kan lọ, nítorí pé léraléra ni oògùn náà ń béèrè owó. Ìjọ Màmá Ìkẹ́rẹ́ fẹ́ ṣe ìkówójọ ńlá kan ní ọjọ́ Ìsinmi kan. A bẹ̀ wọ́n kí wọ́n pín in sí mẹ́rin.

Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó bá ní òun ní oògùn náà ní ìdajì owó. Trastuzumab gbọ́dọ̀ wà nínú òtútù tó jẹ́ dígíríì 2 sí 8 láti ilé-iṣẹ́ títí dé apá aláìsàn. Kò gbọ́dọ̀ gbóná, kò sì gbọ́dọ̀ dì. Ẹnì kan pè wá pé òun á fi ránṣẹ́ nínú ọkọ̀ akérò láti Èkó, nínú kúlà tí wọ́n kó omi inú ọ̀rá tó ti dì yí i ká. A ní rárá. Oògùn tí ooru ti bà jẹ́ lè má yí àwọ̀ padà kí ẹ lè mọ̀, nọ́ńbà NAFDAC ara páálí kò sì lè sọ fún yín bóyá wọ́n gbé e jókòó sínú oòrùn ní gáréèjì.

Màmá Ìkẹ́rẹ́ parí ti wọn ní ọdún tó kọjá. Wọ́n ti padà sí ìdí epo wọn, wọ́n sì ń lọ fún àyẹ̀wò bí dókítà ṣe là á sílẹ̀. Owó oṣooṣù tí a ń dá kò dúró. Àbúrò mi tó ní káàdì ní kí a máa fi san owó orúkọ àwọn àgbà ilé tí a lè fi kún un, nígbà tí ara wọn ṣì le. Bọ̀dá Tíṣà ní kí a kọ́kọ́ fi gba oko náà padà, nítorí pé àkókò tí a fi yá owó náà ń bọ̀ wá pé. Wọ́n ti tún mú ìwé àti bírò, èmi sì ti sọ fún àbúrò mi pé ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo wà nínú ìpàdé tó ń bọ̀.